Ohun Tí Àga Ẹ̀yìn Mọ̀

Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ló sọ ọ́ ní Alága. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un rí o. Obìnrin tó ń rán àga ọkọ̀ ni. Bí aṣọ àga bá ya, bí fóòmù bá rì, bí ọmọ bá da nǹkan sí i tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí bàbá ọmọ gbádùn ọkọ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé eruku ọ̀dà máa ń bà lé irun rẹ̀, lónìí pupa, lọ́la búlúù. Ọwọ́ rẹ̀ le nítorí awọ tó ń gé, ẹnu rẹ̀ náà kò sì rọ̀.

Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tó fi ń yangàn. Kó tó bi oníbàárà ní ohunkóhun, á ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àga awakọ̀ wò, á sì sọ irú ẹni tó ń jókòó níbẹ̀. "Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí sanra, apá òsì ló máa ń fara tì, ó sì ń fi pọ́ọ̀sì sí àpò ẹ̀yìn." Àwọn èèyàn á pariwo, wọ́n á ní ta ló sọ fún un. Àga awakọ̀ ló máa ń tẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ní ibẹ̀ ni òótọ́ ọkọ̀ wà, pé àlejò lásán ni àwọn àga yòókù.

Kékeré ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ Kékeré dé láti èbúté, Màmá wọn wọ inú rẹ̀, ó sì kọ̀, kò jáde mọ́. Ọkọ̀ dúdú ni, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n gbé e sí àgbàlá, lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Màmá jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó.

"Ọkọ̀ ọmọ mi rèé o! Èyí tó wà lókè òkun! Ó ti dé!"

Aṣọ tí Màmá wọ̀ lọ́jọ́ náà, Alága ló fọ̀ ọ́, Alága ló lọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó kí aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ìlara ni. Kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé. Ó ti pẹ́ lára Alága bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí orúnkún Màmá wú tí kò lè rìn, ẹ̀yìn Alága ló gùn dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí òrùlé ń jò, Alága ló gun àkàbà. Àmọ́ bí àlejò bá wọlé báyìí, Kékeré ni Màmá á máa sọ. Kékeré ń gbé nínú ilé alájà mẹ́ta. Kékeré kì í gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ sókè. Kékeré ní òtútù ibẹ̀ kì í wọ yàrá òun. Ẹni tó wà nílé ni iṣẹ́ ilé wà fún, ẹni tó wà lókèèrè ni wọ́n ń yìn. Alága á gbé omi fún àlejò, á bọ́ síta, á lọ máa gbá àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀.

Kékeré kì í ṣe ahun ṣá o. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ibẹ̀, irú èyí tó ń gún awọ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí abẹ́rẹ́ kò ní ṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ló sọ Alága di ẹni tí àwọn onímọ́tò ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tún wá dùn ún jù. Gbogbo ìgbà tó bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe é bíi pé Kékeré ló ń bọ́ òun. Nítorí náà, bí Kékeré bá pè é lórí fóònù, kì í dá ẹ̀rọ dúró. Á há fóònù sáàárín etí àti èjìká, á ní, "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Pe Màmá, àwọn ló ń retí ẹ." Nígbà tó yá, ìpè dín kù, Alága sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbéraga ló fà á.

Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ báyìí, àmọ́ kò tíì ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá kó ọkọ̀ wọlé láti òkèèrè gbọ́dọ̀ san owó orí ìforúkọsílẹ̀ kí ìjọba tó fún un ní nọ́ńbà, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo ń kó bọ̀ wálé pátápátá, tí ọkọ̀ náà jẹ́ tìrẹ, tí o sì ti lò ó lọ́hùn-ún fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, o kò ní san nǹkan kan. O kò kàn gbọ́dọ̀ tà á, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wà á títí ọdún kan á fi pé. Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ ilẹ̀kùn yìí tipẹ́. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ á kọ orúkọ ẹni tó ń padà wálé sórí ìwé ọkọ̀ tiwọn, onítọ̀hún á gbé e wọlé bíi pé ẹrù ara rẹ̀ ni, wọ́n á jọ pín èrè tó bá yá. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì owó orí ọkọ̀ kì í fi í gba ẹnu lásán gbọ́.

Ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ Kékeré, orúkọ rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà wà, ilé ìfọṣọ kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ìwé ilé tó ń gbé ni kò sí. Ọ́fíìsì ní kó mú ìwé owó ilé wá, tàbí ti iná mànàmáná.

"Ṣé wọn kì í fún èèyàn níwèé nílé alájà mẹ́ta yẹn ni?" Alága bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ká aṣọ Màmá.

"Mò ń wá a." Kékeré kò gbójú sókè.

"Bó ò bá wá rí i ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kí n sanwó. Mi ò sì ní in. Wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, yàtọ̀ sí ọkọ̀ yẹn, báàgì méjì péré ni mo kó wálé o. Mo fẹ́ fi máa kó aṣọ àwọn ilé ìwòsàn ibí fọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbà á, mi ò mọ ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀ látọjọ́ yìí."

Màmá ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n gba ọkọ̀ ọmọ òun. Alága náà ṣe àmín, àmọ́ ètè lásán ló fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní kí Alága wa òun yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú òun náà rí ìta. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Alága mú un, ó ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti fẹ́ gbé kúbùsù nípọn tó bo àga ẹ̀yìn kúrò kó lè gbé ọ̀pá Màmá síbẹ̀, ni Kékeré bá sáré jáde látinú ilé pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà á àfi èmi. Òfin ni. Ẹ fi kúbùsù yẹn náà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ará àgbàlá ló wà níbẹ̀. Òfin ni lóòótọ́, àmọ́ ohun tí etí Alága gbọ́ ni pé, ọwọ́ rẹ kò mọ́ tó. Obìnrin tó ti rán àga gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn nílùú, kò lè jókòó sórí ọ̀kan nínú àgbàlá ìyá rẹ̀! Ojú rẹ̀ gbóná. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní inú ń run òun, Màmá sì ní kó lọ sùn, ó yíjú padà sí Kékeré, ó ń bá ìtàn tó ń sọ lọ.

Láàárọ̀, nígbà tí Kékeré lọ sí ọ́fíìsì, Alága jókòó sí àga awakọ̀ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fóòmù náà ta padà sókè bíi ti titun. Ó tẹ etí rẹ̀, níbi tí itan máa ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Kò rọ̀. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń ka kìlómítà, nọ́ńbà ibẹ̀ kò tó ti ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà lásán. Kò sẹ́ni tó jókòó síbí fún oṣù mẹ́fà. Kò tiẹ̀ tó oṣù kan! Àṣé oníjìbìtì ni Kékeré, àṣé ó yá orúkọ fún àwọn tó ń ta ọkọ̀. Inú Alága dùn. Kò yẹ kó dùn, àmọ́ ó dùn dé ẹsẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ á ṣe bàjẹ́, ọkùnrin kan tó máa ń wo ìwé ọkọ̀ ní ọ́fíìsì owó orí gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀gá Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀. Ajá rẹ̀ ló ti fi èékánná fa àga ya. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ráhùn pé irọ́ àwọn tó ń sá fún owó orí ọkọ̀ ti fẹ́ fọ́ òun lórí.

"Ìwé ni wọ́n máa ń kó wá bá mi, ìyá oníṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

"Ìwé kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò," ni Alága wí, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. "Àga awakọ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀. Àga kì í purọ́."

"Bí báwo?"

Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ó rántí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé.

"Ọkọ̀ dúdú kan wà ní àgbàlá wa," ó ní. "Ẹni tó gbé e wọlé ń sọ pé ó ti pẹ́ tóun ti ń lò ó. Ẹ lọ tẹ àga rẹ̀ wò."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ títí ó fi rán àga náà wọ́.

Kò pẹ́ rárá tí Ọ̀gá Onígíláàsì fi dé sí àgbàlá wọn pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀. Ará àdúgbò dà jáde. Ó kí Màmá dáadáa, ó wá sọ fún Kékeré pé àwọn gbọ́ látẹnu ẹni tó mọṣẹ́ pé kò lo ọkọ̀ yìí lọ́hùn-ún rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó san owó náà ní gbogbo rẹ̀, tàbí kí àwọn wọ́ ọ lọ. Ojú Kékeré yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Alága ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá tẹ àga awakọ̀, ó mi orí. "Òótọ́ ni. Ẹ tú àwọn àga yòókù náà. Wọ́n máa ń kó ẹrù pamọ́ sábẹ́ fóòmù."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tú ti ẹ̀yìn," Kékeré ní. "Ẹ gbé ọkọ̀ lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ má tú ti ẹ̀yìn."

Nígbà tí àwọn èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀gá ní àfi kí àwọn tú u. Màmá bá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Alága! Ìwọ lo mọṣẹ́ náà. Bá mi tú u, kí ojú tì wọ́n! Kò sóhun tí ọmọ mi kó pamọ́!"

Ni Alága bá mú sípánà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ká kúbùsù kúrò, ó sì dúró sójú kan lórí orúnkún rẹ̀.

Fóòmù àga ẹ̀yìn ti rì, àmọ́ kò rì bí ibi tí èèyàn ń jókòó sí. Gígùn ló fi rì, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Kòtò kékeré kan wà lápá ọ̀tún, ibi orí nìyẹn. Èyí tó jìn jù wà láàárín, ibi ìbàdí. Láti ibẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ká wá síwájú, nítorí ẹni tó ga kò lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Níbi ìbàdí yẹn, aṣọ àga ti ya rí, wọ́n sì ti fi ọwọ́ rán an, ìránṣọ tí kì í hàn síta, tí abẹ́rẹ́ ń gba abẹ́ lọ tó ń gba abẹ́ bọ̀. Alága mọ ìránṣọ náà. Òun ló fi kọ́ Kékeré nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí Kékeré ń sunkún pé abẹ́rẹ́ gún òun, tí òun ń fẹ́ atẹ́gùn sí i níka. Ó ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì, bó ṣe máa ń ṣe kó tó tú nọ́ọ̀tì. Ìyarun kan bá ọwọ́ rẹ̀ jáde, àti ìdérí ọṣẹ ìfọyín, àti ìbọ̀sẹ̀ onírun ẹyọ kan tó ti lu ní gìgísẹ̀.

Kékeré ní òtútù ibẹ̀ kì í wọ yàrá òun. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

"Kí lẹ rí?" Ọ̀gá bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìdáhùn wà lẹ́nu Alága, ṣùgbọ́n Màmá dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà, ó ń na ọrùn. Bó bá sọ ọ́ síta, ọkọ̀ á bọ́, ilé alájà mẹ́ta á wó lé Màmá lórí níwájú gbogbo àdúgbò. Bó bá dákẹ́, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ pe Ọ̀gá kó tẹ orí wọlé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Àga awakọ̀ ni mo tẹ̀. Mi ò tẹ ti ẹ̀yìn." Ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó gbé e sínú kòtò ìbàdí. "Fóòmù yìí, kò lè rí báyìí kó máà tó ọdún kan. Ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kì í wà á lọ síbì kankan, ó kàn ń sùn sínú rẹ̀ ni. Ibí yìí ni ilé tẹ́ ẹ ní kó mú ìwé rẹ̀ wá."

Ọ̀gá Onígíláàsì kò gbé ọwọ́ kúrò kíá. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó jáde, ó ké sí awakọ̀ tó wá wọ́ ọkọ̀ pé kó máa lọ.

"Ìyá," ó sọ fún Màmá, "kò sí wàhálà mọ́. Mo ti rí ilé tí ọmọ yín ń gbé. Mo máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi."

"Ẹ ò rí i!" Màmá pariwo, ó ń fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́. "Mo ti sọ fún yín! Ọ̀gá ti rí ilé ọmọ mi! Ilé alájà mẹ́ta!"

Ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Alága wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀, ó gbọ́ ìyìn náà bó ṣe ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ì bá fi ohun gbogbo tó ní sílẹ̀ kí ilé náà lè jẹ́ òótọ́.

Ọ́fíìsì fọwọ́ sí i, ọkọ̀ sì gba nọ́ńbà láìsan owó orí. Kékeré wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n lè pààrọ̀ fóòmù ẹ̀yìn, torí àpò aṣọ tó fẹ́ máa kó. Alága gé awọ tuntun, ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, ó ń rán an. Kékeré jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbà.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn," Kékeré wí.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀. Ta ló tún máa wo fóòmù dé ibẹ̀?"

Ẹ̀rọ ń dún. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sì wà lọ́fun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló jáde, pẹ̀lú ìbínú tí kò mọ ẹni tó ń bínú sí.

"Kí lo ń fi owó ilé ṣe tí wọ́n fi lé ẹ jáde?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Kékeré ń wò. Alága tẹ̀lé ojú rẹ̀ títí ojú tirẹ̀ náà fi dé orí irin náà, dé orí abẹ́rẹ́ tó ń gún awọ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mo rò pé màá rí owó ilé tí mo yọ dí kí onílé tó mọ̀ ni," Kékeré ní. "Mi ò rí i dí."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi? Ṣé mi ò ní fóònù ni?"

"Mo pè yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo yàrá mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹ ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n pe Màmá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà lẹ́yìn yín. Mo ní, ó dáa náà, ó ń ṣiṣẹ́."

Alága gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.